“Bí Mo Ṣe Rí I Ni Mo Ṣe Fi Ránṣẹ́” Kì Í Ṣe Àwíjàre

Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí le díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ní ọdún 2015, kí a tó dìbò láàárín Goodluck Jonathan àti Muhammadu Buhari, fídíò kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìpànìyàn àti ẹ̀jẹ̀ ló kún inú rẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé bí Buhari bá wọlé, yóò fi Ṣàríà há gbogbo Nàìjíríà lọ́rùn. Nígbà tí àṣírí tú lọ́dún 2018, orúkọ ilé iṣẹ́ òyìnbó kan, Cambridge Analytica, ni wọ́n dá lórí rẹ̀ níwájú àwọn aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Buhari wọlé, Ṣàríà tí wọ́n ní ó ń bọ̀ kò dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ẹ̀sìn wa di iwin tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba aládùúgbò wa.

Inú bí wa, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kí wá ni àwa náà ń ṣe nínú gúrúùpù WhatsApp tiwa? Ní 2023, nígbà tí Tinubu àti Shettima jọ jáde, mélòó nínú yín ni kò rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí Mùsùlùmí mẹ́wàá kí ẹ lè gba láádá? Láádá ọ̀rọ̀ tí a kò mọ ẹni tó sọ ọ́! Ní Ìràwọ̀ níbí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè máà jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ọmọ yín láti Ìbàdàn dáadáa, ṣùgbọ́n irọ́ kì í ṣìnà.

Ẹ lọ ka Suratul Hujuraat, àáyà kẹfà. Ọlọ́hun pàṣẹ ìwádìí kí a má baà ṣe àwọn ènìyàn kan ní ṣùtá láìmọ̀. Àwọn onítafsíìr sọ pé ìránṣẹ́ tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán lọ gba sàká lọ́dọ̀ Banu Mustaliq ló yà padà lójú ọ̀nà, tó ní wọ́n fẹ́ pa òun. Díẹ̀ ló kù kí ogun bẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnì kan péré nìyẹn o, kò sí fóònù! Tiyín ń dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ̀rún ènìyàn kí omi àlùwàlá tó gbẹ lọ́wọ́ yín.

Àwọn kan yóò ní òṣèlú ni, kì í ṣe ẹ̀sìn. Ta ló sọ fún yín? Irọ́ kì í di ẹ̀tọ́ nítorí pé Mùsùlùmí ni yóò jèrè rẹ̀. Ti ààfáà tó gbé e gorí mímbárì ló tún burú jù, nítorí àwọn tí kò ní fóònù rárá gbà á gbọ́.

Ìdìbò 2027 ń bọ̀. Ẹ bi ẹni tó bá fi nǹkan ránṣẹ́: “Níbo lẹ ti rí i?” Bí kò bá ní èsì, ẹ pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ èsì ìdìbò, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibùdó ìdìbò yín, kí ẹ fi wé èyí tí INEC gbé sórí IReV.