Akẹ́kọ̀ọ́ Ọ̀mọ̀wé Náà Ń Bímọ, Ó Sì Ń Ṣàìsàn

Ẹ ka: Deutaronomi 24:5, Filippi 2:25-30



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í sábà dé orí àga ìwàásù, ṣùgbọ́n ó wà nínú ilé wa. Ìwó ti di ìlú yunifásítì láti ọdún 2002 tí Yunifásítì Bowen ti ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọmọ wa sì ń lọ sí Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìlọrin láti kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé, èyí tí à ń pè ní PhD. Bí wọ́n bá gboyè, a máa ń bá wọn ṣe ìdúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn bí wọ́n bá lóyún, tàbí bí àìsàn bá dá wọn dùbúlẹ̀ kí ìwé náà tó parí?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí òfin sọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1971, fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 12 fún ìbímọ: 6 kó tó bí, 6 lẹ́yìn tó bá bí. Bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó kéré tán, wọ́n gbọ́dọ̀ san ìdajì owó rẹ̀ fún un. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣàìsàn lè gba owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tó tó 12 lọ́dún, bí dókítà bá jẹ́rìí sí i. Ìjọba àpapọ̀ fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16. Ní 2022, ó fún àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ 14 bí ìyàwó wọn bá bímọ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe irú rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní 2014.

Ó dára. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni gbogbo èyí wà fún! Olùkọ́ yunifásítì tó ń kàwé lọ lè gba ìsinmi níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ kàwé ńkọ́, tó ń ta ọjà tàbí tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní lẹ́sìn kó tó rí owó ilé-ìwé san? Òfin yìí kò mọ̀ ọ́n. Ó ti dàgbà ju ọmọ ilé-ìwé lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò kà á mọ́ òṣìṣẹ́. Ó dà bí àdán: kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ìgbà tí ènìyàn sì ń gbéyàwó, tó ń lọ́kọ, tó ń bímọ, gan-an ni ìgbà tí a ń kàwé yìí.

Àwọn kan á ní, “Kó kọ̀wé láti dá ẹ̀kọ́ dúró ná.” Lóòótọ́, àwọn yunifásítì kan gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyọ̀ǹda kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ẹni tó ń tọrọ ìyọ̀ǹda ń wo ojú ẹni tó lè kọ̀ fún un. Bí olùdarí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bá jẹ́ ènìyàn rere, ó bọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, á pọn ìkókó lọ sí yàrá ìwádìí nígbà tí ojú ọgbẹ́ kò tíì jinná.

Àwọn mìíràn á ní ìwé kò gbọdọ̀ dúró. Ẹ gbọ́ ná! Ní 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, ASUU, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, oṣù 8 gbáko ni ìwé fi dúró ní yunifásítì ìjọba. Bí a bá lè fara da oṣù 8 nítorí ìjà ìjọba àti olùkọ́, kí ló dé tí a kò lè fara da oṣù 4 nítorí ọmọ tuntun?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ UKRI tó ń fi owó ìjọba ṣètìlẹ́yìn fún ìwádìí kò ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ sí òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n lè gba ìsinmi ìbímọ tó ọ̀sẹ̀ 52, ọ̀sẹ̀ 26 àkọ́kọ́ pẹ̀lú owó kíkún. A mọ̀ pé àpò wa kò tó tiwọn. Ṣùgbọ́n èló ni yóò ná wa láti má ṣe ka oṣù ìbímọ mọ́ ọdún ẹ̀kọ́?

Ẹ tún wo ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì Ìwó. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi, dé ilẹ̀ wa ní 1850. Àìsàn lé e padà sí Amẹ́ríkà ní 1856. Ẹ̀yìn tó padà sílé, ní 1858, ni ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá rẹ̀ jáde. Ká ní wọ́n ní kó kú sẹ́nu iṣẹ́ ni, ṣé ìwé yẹn ìbá jáde?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ìjọ náà. Inú wa ni àwọn kan ti ń sọ pé obìnrin kò nílò oyè ọ̀mọ̀wé, kó jókòó tọ́ ọmọ. Inú wa náà ni wọ́n ti ń sọ fún aláìsàn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Epafroditu ṣàìsàn títí ó fi kù díẹ̀ kó kú. Pọ́ọ̀lù kò bá a wí. Ó rán an lọ sílé, ó sì ní kí wọ́n bu ọlá fún un. Nínú Deutaronomi, Ọlọ́run ní kí ọkọ ìyàwó má lọ sójú ogun fún ọdún kan, kó wà nílé rẹ̀. Bí Ọlọ́run bá lè yọ̀ǹda jagunjagun nítorí ìdílé, ta ni yunifásítì tí kò ní yọ̀ǹda akẹ́kọ̀ọ́?

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo yunifásítì, pàápàá tiwa tó jẹ́ ti ìjọ Ọlọ́run, nìyí:

1. Kí wọ́n kọ ìsinmi ìbímọ àti ti àìsàn sínú ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́, kó di ẹ̀tọ́.
2. Kí wọ́n má ṣe ka àkókò náà mọ́ ọdún ẹ̀kọ́, kí wọ́n má sì gba owó ilé-ìwé lé e lórí.
3. Kí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, àti ẹni tó ń tọ́jú òbí tó ń ṣàìsàn, rí tiwọn gbà.

Ẹ̀yin òbí tó wà nínú ìgbìmọ̀ yunifásítì, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ tó jẹ́ onígbàgbọ́, ẹ má dúró de òfin kí ẹ tó ṣàánú. Ẹ̀yin ìjọ, bí arábìnrin tó ń kàwé bá bímọ, ẹ má gbé kìkì àdúrà lọ kí i: ẹ gbé oúnjẹ lọ, ẹ bá a gbé ọmọ, kó lè sùn.

Kí Olúwa fún wa ní ọkàn àánú. Àmín.