OMELE KÌ Í PÀṢẸ FÚN ÌYÁÀLÙ

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, yóò bá àgbà jẹun. Mo ti wẹ ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ń dùn mí.

Nígbà tí a ń múra Ọjọ́ Àṣà wa, àwa akẹ́kọ̀ọ́ kan mú bàbá onílù kan tí ń gbé Maiduguri níhìn-ín lọ sí yàrá tí a ti ń gba orin sílẹ̀. Bàbá lu ìyáàlù, ara wa yá gágá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a gbé iṣẹ́ tí ó ti parí lọ fún wọn láti gbọ́. Wọ́n tẹ́tí títí, wọ́n ní, "Ta ni ẹ gbé lu ìlù yìí? Èmi kọ́." Mo dáhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá, kọ̀ǹpútà ni ó tún un ṣe." Wọ́n wò mí lójú: "Ṣé mo ní ó bàjẹ́ ni?"

N kò rí èsì fọ̀.

Kí ni kọ̀ǹpútà ṣe? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń darí rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi arpeggiator sí abẹ́ orin náà. Iṣẹ́ ohun èlò yìí ni pé, bí a bá tẹ ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ lórí dùùrù, yóò tú wọn ká, yóò máa kọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n àkókò kan náà, láìyẹsẹ̀. Nígbà tí ìyáàlù kò bá a dọ́gba, ó lo èyí tí wọ́n ń pè ní quantize, tí í fa ìró kọ̀ọ̀kan wá sí ojú ilà tí ó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Ó fi ìwọ̀n rẹ̀ sí 100 nínú 100, ó ní àkókò ìlù ti pé wàyí.

Ó pé fún ta ni? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò. Ọ̀pọ̀ ìlù wa, irú èyí tí agogo kónkóló ń bá rìn, ìdámẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń pín ẹsẹ̀ ìlù. Bí ẹsẹ̀ 120 bá wà nínú ìṣẹ́jú kan, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gba ìdajì sẹ́kọ́ńdì, ìyẹn 500 nínú ìdá 1,000. Ìró kejì yóò bọ́ sí 167, ẹ̀kẹta sí 333. Ṣùgbọ́n bí a bá ti pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé ìdámẹ́rin ni kí ó pín in, ojú ilà rẹ̀ wà ní 125, 250 àti 375. Yóò fa 167 padà sí 125, yóò sì ti 333 síwájú sí 375. Ìlù tí ń rìn tìyẹsítìyẹsí di arọ. Ta ni ó wá ṣìnà, onílù ni àbí ẹni tí ó yan ilà?

Ti èdè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlà ni aṣọ funfun Ọbàtálá. Ààlà ni òpin ilẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn. Gígùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ìyáàlù bá ń fọhùn, tí ẹ̀rọ ń gé gígùn rẹ̀ tàbí tí ń fà á bí ó ti wù ú, ọ̀rọ̀ ta ni a ń gbọ́?

Àwọn kan yóò ní ayé ti lajú, kí a má ṣe bí ará oko. N kò bá kọ̀ǹpútà jà. Ní ọdún 1983, King Sunny Adé àti Martin Meissonnier ará Faransé fi ẹ̀rọ synthesizer kún jùjú nínú àwo Synchro System, gángan kò sì yadi. Roger Linn ará Amẹ́ríkà pàápàá, tí ó ṣe ẹ̀rọ ìlù LM-1 ní ọdún 1980, fi ohun tí ń tún àkókò tò sí i, ó sì fi èyí tí ń mú ìlù fì díẹ̀ kúrò lójú ilà sí i pẹ̀lú. Ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ mọ̀ pé ilà nìkan kò tó. Àwa tí a ni ìlù ni a kò mọ̀!

Òótọ́ ni pé gúdúgúdú àti àwọn omele yòókù ní í di àkókò mú. Síbẹ̀, ìyáàlù ni ó ń darí wọn. Omele ni kọ̀ǹpútà. Ìgbà wo ni omele di ẹni tí ń pàṣẹ fún ìyáàlù?

Nítorí náà, bí ó jẹ́ FL Studio ni a ń lò, bí ó sì jẹ́ Cubase, kí a kọ́kọ́ gbọ́ bí onílù ṣe pín ẹsẹ̀, kí a tó yan ilà. Bí ó bá pín in sí mẹ́ta, kí arpeggiator náà máa rìn ní ìdámẹ́ta. Bí a bá fẹ́ lo quantize, kí a lò ó fún dùùrù, kí a sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Kí a fi ìyáàlù sílẹ̀ bí ó ti dún.

Olùkọ́ ni a óò jẹ́ lọ́la. Ọmọ Yorùbá tí a bí sí Maiduguri, tí kò rí onílù rí, ohun tí ó bá gbọ́ nínú fóònù ni yóò mú ní ìlù baba rẹ̀. Bí a bá fi ìlù odi kọ́ ọ, ta ni yóò tún un kọ́? Ọmọ Kànúrí tí ó jókòó tì í nínú kíláàsì ń gbọ́ algaita àti gàǹgá láti ọwọ́ àwọn tí ó ni ín. Ẹ má jẹ́ kí tiwa di èyí tí onílù fúnra rẹ̀ yóò gbọ́, tí yóò wí pé, "Èmi kọ́."