Matrix tàbí Vibe: Ta Ló Ń Sanwó Orúkọ?

Ní Ilo-Awela, nítòsí Toll Gate ní Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì lásán. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́, tó ń jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, mọ bí èèyàn ṣe ń dúró pẹ́ kí ó tó rí ọkọ̀ èrò wọ̀ lójú títì márosẹ̀ tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Ó mọ bí kòtò ibẹ̀ ṣe jìn tó, ó sì mọ ohun tí ojú ń rí nígbà tí tírélà bá dábùú ọ̀nà ní Sango. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kó àjọ, tí ó tún yá díẹ̀ kún un lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí kò ní jẹ owó epo jù ni yóò máa wá. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀dọ́, yóò fẹ́ kí ọkọ̀ náà ní ìrísí eré, kí ó má dà bí ọkọ̀ baba arúgbó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń já sí ọkọ̀ méjì: Toyota Matrix àti Pontiac Vibe.

Àwọn méjèèjì ní imú kúkúrú, wọ́n ga díẹ̀ ju Corolla lọ, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn sì ń ṣí sókè, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn sílẹ̀, ẹrù tí yóò wọ inú wọn kì í ṣe kékeré. Síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkúnbọ̀, Matrix ló máa ń wọ́n jù, kódà nígbà tí ọdún wọn bá dọ́gba. Mẹkáníìkì yóò sọ fún olùrà pé kí ó mú Matrix. Àbúrò rẹ̀ yóò ní kí ó mú Vibe, kí ó fi owó tó kù ra táyà. Bí ó bá bèèrè ìdí tí Matrix fi wọ́n lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, èsì kan náà ni yóò gbọ́: Toyota ni Toyota ń jẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìbejì ni ọkọ̀ méjèèjì. Toyota àti General Motors ti Amẹ́ríkà ló pawọ́ pọ̀ ṣe wọ́n, ara Corolla ni wọ́n sì ti yọ wọ́n. Ní 2002 ni wọ́n jáde sọ́jà gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ọdún 2003. Ní Cambridge, ní Ontario ti ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n ti ń to Matrix. Ní Fremont, ní California, ni wọ́n ti ń to Vibe, nínú ilé-iṣẹ́ NUMMI tí àwọn méjèèjì jọ dá sílẹ̀ ní 1984. Ẹ́ńjìnnì tó wọ́pọ̀ jù nínú ìran wọn àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀kan náà: 1.8 lítà ti Toyota, tí wọ́n ń pè ní 1ZZ-FE, tí agbára rẹ̀ tó nǹkan bí ẹṣin 130. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó wo ohun tí Toyota fúnra rẹ̀ ṣe ní Japan. Vibe tí wọ́n tò ní Fremont ni wọ́n gbé ìdarí rẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún, tí wọ́n lẹ àmì Toyota mọ́, tí wọ́n sì ń tà ní Voltz títí di 2004.

Nínú ilé Yorùbá, ohun tí wọ́n bá rà fún Táyé ni wọ́n ń rà fún Kẹ́hìndé. Ọjà ọkọ̀ kò mọ irú àṣà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin, 2009, nígbà tí gbèsè ti fẹ́ pa General Motors, wọ́n kéde pé Pontiac, orúkọ tó ti wà láti 1926, yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀lé e, NUMMI ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Tesla ló wá rà á. Vibe di ọmọ òrukàn, ṣùgbọ́n ìkejì rẹ̀ ṣì ń jáde lọ́dún mélòó kan sí i. Àárín àwọn ọmọ òbí kan náà, ọ̀kan ní baba, èkejì kò ní.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí pe ẹni tó ra Matrix ní òmùgọ̀. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ, pàápàá ní orílẹ̀-èdè tí owó ti ń yọ̀ lọ́wọ́ èèyàn bí ẹja àrọ̀. Láti oṣù kẹfà, 2023, tí ìjọba ti jẹ́ kí ọjà máa sọ iye tí náírà jẹ́, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti rí i pé ọkọ̀ tó wà ní àgbàlá àwọn pa owó mọ́ ju báńkì lọ. Bí owó iléèwé bá dé, tàbí tí àìsàn bá dé, ẹni tó ní Matrix yóò rí olùrà kíákíá. Ẹni tó ní Vibe yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí Vibe jẹ́, yóò sì dín owó kù kí àlàyé náà tó parí. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ pé òun yóò tún ọkọ̀ náà tà láàárín ọdún kan tàbí méjì, kí ó ra Matrix láìbẹ̀rù. Owó orúkọ tó san, yóò gbà á padà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹni tó fẹ́ lo ọkọ̀ títí tí ọkọ̀ yóò fi sú u ni ọ̀rọ̀ kàn. Ta ni yóò dá owó orúkọ padà fún un?

Ibì kan wà tí Vibe ti ń gbowó tirẹ̀ padà, àwọn tó ń polówó rẹ̀ kì í sì í sọ ọ́. Inú àwọn ọkọ̀ náà jọra, ṣùgbọ́n ojú wọn yàtọ̀. Iná iwájú, bọ́ńpà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì Matrix kì í wọ ara Vibe. Ohun tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá lọ sí ọjà Ládipọ̀ ní Mushin yóò rí i rà, nítorí pé ti Corolla náà ni. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà kan bá gbá iná iwájú Vibe ní Ojú-Ọrẹ, ìrìn àjò lè gùn kí a tó rí òmíràn. Fún ìdí èyí, kí olùrà tó sanwó, kí ó rán ẹni tó mọ ọjà láti bèèrè iye tí iná iwájú méjèèjì àti bọ́ńpà Vibe jẹ́. Bí iye náà bá kéré sí owó tí Matrix fi ju Vibe lọ, Vibe ló yẹ kí ó rà. Bí ó bá pọ̀ jù ú lọ, kí ó fi Vibe sílẹ̀. Ìṣirò yìí wúlò ju àríyànjiyàn abẹ́ igi lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ kan yóò ní ti eré ni àwọn ń sọ, pé kí wọ́n bá àwọn wá Matrix XRS tàbí Vibe GT. Àwọn méjèèjì yìí tún jẹ́ ìbejì: ẹ́ńjìnnì 2ZZ-GE, agbára ẹṣin 180 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ jáde, jíà ọlọ́wọ́ oní-ìpele mẹ́fà. Irú ẹ́ńjìnnì yìí ni Lotus fi sínú Elise. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n agbára tí wọ́n ń torí rẹ̀ rà á kì í jáde àfi tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ju ìgbà 6,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Níbo ni èèyàn yóò ti sá irú eré bẹ́ẹ̀ láàárín Toll Gate àti Sango? Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà kí owó ìrànwọ́ epo tó lọ ní oṣù karùn-ún, 2023 ti kọjá 1,000 náírà kí 2024 tó parí. Kí ọmọkùnrin gbóríyìn fún XRS, kí ó máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń bèèrè níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Àpò afẹ́fẹ́ tí ń tú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ló ṣe ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Wọ́n rí i pé kẹ́míkà tí ń fẹ́ àpò náà máa ń bàjẹ́ bí ó bá ti pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, tí agolo irin rẹ̀ á sì bú gbàù, tí àfọ́kù irin á fọ́n lu ẹni tó yẹ kí ó dáàbò bò. Ní Amẹ́ríkà nìkan, nǹkan bí mílíọ̀nù 67 àpò ni wọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀. Matrix àti Vibe ìran àkọ́kọ́ wà nínú wọn, nítorí àpò ti ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin tí wọ́n ń bẹ̀rù ní Florida, ojoojúmọ́ ayé ni ní Ọ̀tà. Ibi tí ìyàwó tàbí ọmọ ń jókòó sí sì ni.

Ọkọ̀ kan lè ti kúrò ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó ṣe àtúnṣe yìí sí i, àmì Toyota kò sì gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wà láti mọ̀ ọ́n. Kí olùrà ka nọ́ńbà ṣaṣí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ tí ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà. Fún ọkọ̀ tí wọ́n tà níbẹ̀, yóò rí i lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá àtúnṣe kan ṣì wà tí wọn kò tíì ṣe. Bí Vibe bá ti gba àpò tuntun, tí Matrix tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò sì tíì gbà á, àríyànjiyàn ti parí nìyẹn.

Ohun kan ló kù. Ẹ́ńjìnnì 1ZZ àwọn ọdún àkọ́kọ́, títí di nǹkan bí 2005, lókìkí fún jíjẹ ọ́ìlì. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan nínú wọn, kí ó lọ ní òwúrọ̀ kùtù kí wọ́n tó tan ọkọ̀ náà rárá, kí ó fa ọ̀pá géèjì yọ, kí ó wo ibi tí ọ́ìlì dé, kí ó wá ní kí wọ́n tàn án, kí ó lọ dúró sẹ́yìn láti wo àwọ̀ èéfín tó ń jáde.