Ta Ni Ó Ni Ohùn Wa?

Ní oṣù Kejì ọdún 1970 ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Black Sabbath ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fún àwo náà. Ọmọ òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin ti gé orí ìka méjì lọ́wọ́ Tony Iommi tí í ta gìtá wọn, síbẹ̀ kò jáwọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ orin náà sínú téèpù, ṣùgbọ́n léraléra ni a ti ń tún un tẹ̀ jáde láti ìgbà náà wá.

A kò sọ èyí láti yin ariwo gìtá wọn, nítorí ó lè má bá etí gbogbo wa mu. Ohun tí ó wù wá ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ wọn ṣègbé.

Àwa ńkọ́? Ní Bassa, àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìlú Douala, ni a ti dá ẹgbẹ́ UPC sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1948 láti bèèrè òmìnira Kamẹrúùnù. Ruben Um Nyobè, aṣáájú ẹgbẹ́ náà, fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i ní 1958. Ní ìlú Douala kan náà ni a bí Manu Dibango ní 1933. Nígbà tí Kamẹrúùnù gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 1972, ó kọ orin fún un, ó sì fi “Soul Makossa” sí ojú kejì àwo náà. Ojú kejì yìí ni ó gba Amẹ́ríkà kan ní 1973. Ní 1982, Michael Jackson mú ègbè orin náà sínú àwo tirẹ̀ láìtọrọ àṣẹ. Dibango pe ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n sì sanwó fún un. Bí orúkọ rẹ̀ kò bá hàn gbangba lára iṣẹ́ náà, ta ni ì bá dá a lóhùn?

Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ní Jámánì ni ó kó orin àtijọ́ àwọn ará Kamẹrúùnù jọ, tí ó sì tún wọn tẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú ń tì wá. Àwa Yorùbá pàápàá kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín: ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀n ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin rẹ̀ sí àwo fún ní 1922. Mélòó nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé wa ni ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ rí?

Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ orúkọ àwọn olórin ìlú wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú àwo tí ó wà nínú àjà bàbá wọn. Ẹ̀yin olórin, ẹ má fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà. Ẹ̀yin ìjọba, ẹ kọ́ ilé tí téèpù àtijọ́ kò ti ní jẹrà.

Àsíá tiwa ti ń fẹ́ lókè. Kò yẹ kí a máa ra ohùn tiwa lọ́wọ́ ẹlòmíràn.