Ẹṣin ọjọ́ mẹ́ta kò lè sọ ọmọ Ìjẹ̀bú di ẹlẹ́ṣin

Bí ọdún Iléyá bá ti ń kanlẹ̀kùn, ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Mọ́tò ńlá ló ń kó ọ̀pọ̀ wọn wá láti Òkè Ọya, àwọn Hausa tó mọ ìtọ́jú wọn á sì tẹ̀ lé wọn. Àwọn ìdílé Balógun, irú bíi Kúkù, Ọdúnúga àti Alausa, á wá ibi so wọ́n mọ́, wọ́n á tún gàárì ṣe, wọ́n á ran aṣọ ẹṣin. Tó bá di ọjọ́ kẹta ọdún, tí í ṣe ọjọ́ Ojúde Ọba, ìlù á máa dún, ìbọn ṣakabùlà á máa ró, ìdílé kọ̀ọ̀kan á sì fẹ́ kí tiwọn yọ ju tàwọn yòókù lọ. Láàárín àwọn àgbà tó gun ẹṣin wọ̀nyí làwọn ọmọdé wà, tí wọ́n di ìjánu mú bí ẹni pé orí gàárì ni wọ́n bí wọn sí.

Ohun táwọn òǹwòran kì í rí ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń bu omi fún ẹṣin láti ìjẹta, tó ti sọ ọ́ lórúkọ, tó ti mọ ibi tí ẹṣin náà ń fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ rà á lọ́rùn, á jí lọ́jọ́ kẹrin, kò ní í bá a níbi tí wọ́n so ó mọ́. Wọ́n ti gbé e padà. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ẹṣin mìíràn ni wọ́n máa gbé ọmọ náà kà. Báyìí lá ṣe máa dàgbà: ọdún mẹ́wàá, ẹṣin mẹ́wàá, kò sì ní í mọ ọ̀kan ṣoṣo dénú.

Ká tiẹ̀ fi ti ìfẹ́ ọmọ sí ẹgbẹ́ kan, irú òwò wo nìyẹn? Owó tí ìdílé fi háyà ẹṣin lọ́dún yìí, ó ti lọ nìyẹn. Wọn yóò tún san án lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò sí ẹṣin nílẹ̀, kò sí ilé ẹṣin, kò sí ọmọ kan nínú ilé tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú pátákò ẹṣin. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn tó ń fi ẹṣin háyà. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó ń háyà ohun tó yẹ kó ní ló yẹ kó ro ara rẹ̀ wò.

Àwọn kan á sọ pé ilẹ̀ Yorùbá kò gba ẹṣin. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Láyé Ọ̀yọ́ Ilé, ẹṣin wà lára ohun tó mú kí ogun Ọ̀yọ́ lókìkí, síbẹ̀ apá Òkè Ọya ni wọ́n ti ń rà á. Eṣinṣin tsetse tó wà nínú igbó ló ń fa àrùn tó ń pa ẹṣin, kantíkantí náà sì ń gbé àrùn mìíràn tó tún burú jùyẹn lọ. Àwọn baba ńlá kò ní oògùn rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Oògùn wà fún àrùn tsetse, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún èyí tí kantíkantí ń gbé. Yunifásítì Ìbàdàn àti yunifásítì ètò ọ̀gbìn tó wà l'Ábẹ́òkúta ń kọ́ àwọn dókítà ẹran. Ẹ̀rí tó tóbi jù lọ ni pé láti 1904 ni ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbá pólò ti wà l'Ékòó, ẹṣin sì ń gbé ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí. Bí ẹṣin bá lè gbé Èkó, kí ni yóò dí i lọ́wọ́ láti gbé Ìjẹ̀bú?

Owó ni ìdáhùn tó máa kọ́kọ́ jáde, ìdáhùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹṣin tó bá wúwo tó kìlógíráàmù 350 lè jẹ koríko bíi kìlógíráàmù 7 lóòjọ́, kó sì mu omi tó lé ní lítà 20. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa gé pátákò rẹ̀. Ẹṣin kì í lè bì, nítorí náà, inú rírun tó máa lọ fúnra rẹ̀ lára ẹranko mìíràn lè pa ẹṣin láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kò bá ní dókítà ẹran nítòsí, kó má dán an wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò owó yìí gbọ́dọ̀ ṣírò èrè rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Ọmọ tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ẹṣin nígbà tó wà ní ọdún mẹ́wàá lè ṣe ìgbéyàwó, kó bímọ, kí ẹṣin náà sì gbé ọmọ rẹ̀ rìn yí àgbàlá ká. Kò sì di dandan kí ẹnì kan dá ẹṣin ní. Àwọn Yorùbá tó ń dá àjọ, tó ń dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀ fún ilé àti mọ́tò, kò lè sọ pé àwọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáwó jọ fún ẹṣin mẹ́rin.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London. Ní Brixton, láàárín ilé alájà àti ojú irin, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Ebony Horse Club. Ọdún 1996 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ní 2011 ni wọ́n ṣí ilé ẹṣin tiwọn. Àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lè ra ẹṣin láéláé ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, ẹgbẹ́ ló sì ni ẹṣin. Ibẹ̀ ni Khadijah Mellah ti kọ́ ẹṣin gígùn, ọmọbìnrin Mùsùlùmí láti Peckham, àdúgbò tí ọmọ Yorùbá kún fọ́fọ́. Ní 2019, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 18, ó fi hijab sábẹ́ akoto, ó gun ẹṣin kan tó ń jẹ́ Haverland, ó sì gba ipò kìíní nínú eré ẹṣin Magnolia Cup ní Goodwood. Kì í ṣe baba olówó ló sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣin. Ilé ẹṣin tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè pa owó n'Íjẹ̀bú. Àwọn òbí á sanwó kí ọmọ wọn lè kọ́ṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń ṣègbéyàwó àti àwọn tó ń ya fíìmù ń wá ẹṣin kiri. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀fọ́ á ra ìgbẹ́ ẹṣin, èyí tó ń gbin àgbàdo á rí ẹni ta eérí àti ewé fún. Oníṣọ̀nà awọ á ríṣẹ́ gàárì ṣe. Àwọn Hausa tó ní ìmọ̀ yìí á di ọ̀gá tó ń gbowó oṣù, dípò àlejò ọjọ́ mẹ́ta. Bí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń lẹ orúkọ wọn mọ́ ọdún náà bá yọ díẹ̀ nínú owó ìpolówó wọn sí ìdíje àwọn ọmọdé ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, orúkọ wọn á pẹ́ lẹ́nu aráàlú ju ti ọjọ́ kan lọ. Ní oṣù Kẹfà 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin lọ yí ká ayé. Gbogbo ayé rí i pé ọjà ńlá ni. Ìbéèrè tó kù ni ta ni yóò máa pèsè ohun tí wọ́n ń tà.

Èrè nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹṣin tó rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sáàárín èrò tí kò mọ̀, tí ìbọn wá ń dún sí létí, lè ta kúrò lójú kan. Eré sísá ni ẹṣin fi ń gba ara rẹ̀ là bí ẹ̀rù bá bà á. Ọmọdé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ohùn tó máa fi rọ̀ ọ́, ẹṣin náà kò sì mọ ohùn ọmọ náà. Ẹwà láwàní kò lè dáàbò bo orí bí akoto ti lè dáàbò bò ó. Ẹṣin tí wọ́n fi oṣù mẹ́fà mú ìlù àti ariwo mọ́ lára, tó sì mọ ọmọ tó ń gùn ún, òun ló ṣeé fọkàn tán lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ẹṣin bá dáni, ńṣe là á tún un gùn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó ti padà sí Òkè Ọya ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, báwo lọmọ yóò ṣe tún un gùn?