Sí Kábíyèsí Ọlú Ìlaró, Lórí Ẹ̀rí Tí À Ń Fọ̀ Dànù

Jóga-Orílé,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ọba Kẹ́hìndé Olúgbénlé, Ọlú ti Ìlaró, olórí àwọn ọba ilẹ̀ Yewa, aláṣẹ èkejì òrìṣà.

Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe èyí tí ẹnu ń yá láti sọ níwájú adé, ṣùgbọ́n bí a kò bá sọ ọ́ láàfin, n kò mọ ibi tí a ó tún ti sọ ọ́. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀ ní ìgbèríko wa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé ni ẹjọ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kú sí: àwọn àgbà a ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọn a sì fi ìdọ̀bálẹ̀ àti owó ìtọ́jú díẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá ọmọ ti gbé omi kaná, ó ti fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ kinnikinni, ó ti fọ bùbá tí wọ́n fà ya lọ́rùn, ó sì ti sá a sórí okùn. Àánú ló ń ṣe, ta ni yóò bá a wí? Àmọ́ ohun tó bá omi náà lọ ni dókítà ọsibítù ìjọba ìbá kọ sínú ìwé fún adájọ́.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn, ní abala 357, sọ pé ìfipábánilòpọ̀ ni bí obìnrin kò bá yọ̀ǹda, tàbí bó bá jẹ́ agbára, ìhàlẹ̀, ìbẹ̀rù tàbí ẹ̀tàn ni wọ́n fi gba ìyọ̀ǹda náà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni abala 358 sì là sílẹ̀ fún un. Ìjọba tó pẹjọ́ ló gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ kọjá iyèméjì tó bọ́gbọ́n mu, n kò sì bá òfin jà lórí èyí, nítorí agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ọmọ ẹni náà sì ni ọkùnrin tí wọ́n bá purọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ẹni méjì péré ló sábà máa ń wà níbẹ̀, kí ni adájọ́ yóò gbé e lé bí kò ṣe ẹni tí ọmọ náà kọ́kọ́ sọ fún, bí ó ti pẹ́ tó kó tó sọ, ipò tí wọ́n bá a, àti ìwé dókítà?

«Ṣé o pariwo?» ni àwọn àgbà ń bi í. Ìbéèrè yìí ti dé iwájú adájọ́ rí: ní ọdún 1981, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ Olugboja (orúkọ tí etí wa mọ̀, ó mà ṣe o). Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọmọbìnrin náà. Ẹnìkejì Olugboja ti kọ́kọ́ fipá bá a lò. Ó bẹ Olugboja pé kó fi òun sílẹ̀, kò jà, kò lọgun, nígbà tí ọkùnrin náà sì pàṣẹ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló bọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn adájọ́ wí pé ẹni tó juwọ́ sílẹ̀ lè má tíì gbà rárá, wọ́n sì da ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà nù. Òfin Ẹ̀rí tiwa ti ọdún 2011, ní abala 234, tún ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi obìnrin tó fẹjọ́ sùn léèrè nípa ọkùnrin mìíràn tó ti bá lò pọ̀ rí láìjẹ́ pé adájọ́ yọ̀ǹda. Kábíyèsí, òun gan-an ni ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́dẹ̀dẹ̀ baálé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, ẹ ránṣẹ́ sí gbogbo ọba àti baálé ilẹ̀ Yewa pé kí wọ́n má ṣe jókòó lé irú ẹjọ́ yìí mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ náà ni kí wọ́n mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti ọsibítù láìwẹ̀, kí wọ́n fi bébà wé aṣọ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Baálé tó bá sì gba owó lé e lórí, kí ó wá rojọ́ níwájú yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín láti Jóga-Orílé.