Ẹyẹ Olókun àti Ọ̀rá Oṣòdì

Àwa oníṣẹ̀ṣe gbà pé Olókun ni ó ni òkun. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tirẹ̀ ni ẹyẹ tí ń jẹun lórí òkun pẹ̀lú.

Ẹyẹ kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Damara tern. Ìwọ̀n rẹ̀ tó gíráàmù 50. Ní Nàmíbíà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti ń pamọ, ẹyin kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń yé. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fò wá sí etí òkun tiwa, kí wọ́n lè rí ẹja wẹ́wẹ́ jẹ.

Àwa mélòó kan gbéra láti Oṣòdì lọ sí Tarkwa Bay láti wá a. A kò rí i. Ọ̀rá omi ni a rí, àti abọ́ ike tí ẹnìkan fi gbé ẹbọ wá. Ọ̀rá tí a ń jù sí gọ́tà ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, àgbàrá ni ó ń gbé e lọ sí ọ̀sà, ọ̀sà a sì gbé e fún òkun.

Ẹlòmíràn lè wí pé ẹyẹ kan kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Èmi kò gbà. Ewé àti igbá ni àwọn baba wa fi ń gbé ẹbọ. Ewé a máa jẹrà, ike kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí a padà sí ewé. Ẹni tí ń bọ Olókun kò gbọdọ̀ ba ilé Olókun jẹ́.